Omi Dáadáa Ìyá Làmídì

Nínú ilé Ìyá Làmídì ní Ìbà, ẹnikẹ́ni kì í ti ibi iṣẹ́ dé kó bá dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ní òfìfo. Òfin ilé ni, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé kankan tí ayálégbé fọwọ́ sí. Bí iná bá ti dé, tí pọ́ǹpù sì fa omi bóhòòlù gòkè, ẹni tó bá wà nílé ló máa fa rọ́bà omi káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Yóò pọn ti ara rẹ̀, yóò pọn ti ẹni tó lọ sí Àlàbà, yóò sì pọn ti ẹni tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. "Ìjà ò kan omi," ni Ìyá Làmídì máa ń wí.

Nítorí pé òun ló sábà máa ń wà nílé, òun náà ló sábà máa ń pọn ọ́n. Opó ni, ọmọ Àwórì tí wọ́n bí sí Ìbà, tó sì dàgbà síbẹ̀ kí àwọn ayálégbé tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àdìjá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Làmídì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti gba orúkọ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó ti bí i.

Rodiyat ń gbé yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Òkòkòmáíkò. Rodiyat ní tirẹ̀ ń ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ti àwọn tó ń kọ́ ilé àti afárá, ó sì ti dé ìpele Másítà. Kì í ṣe irú Másítà tí wọ́n ń jókòó gba ẹ̀kọ́, tí wọ́n á fi ìdánwò parí rẹ̀. Ti oníwàádìí ni. Nínú irú èyí, ìwọ lo máa bi ayé ní ìbéèrè kan, wàá sì dúró títí ayé á fi dáhùn. Ayé kì í kánjú, kò sì bìkítà bóyá owó ilé ìwé ń gorí ara wọn.

Kànga àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé náà, èyí tí ọkọ Ìyá Làmídì gbẹ́ kí bóhòòlù tó dé. Omi rẹ̀ níyọ̀. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, bí ewúrẹ́ bá sì gbóòórùn rẹ̀, á yí orí padà. Ìgbà tí Rodiyat kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín, nítorí irú omi tí ìwádìí rẹ̀ ń wá gan-an nìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí irú omi báyìí bá ń gòkè wá sí ìdí ilé lásìkò òjò, tó sì ń fà sẹ́yìn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí ló ń fi irin tó wà nínú òpó ṣe?

Ó mọ àwọn òpó kéékèèké, kọnkéré tí irin kan wà ní àárín rẹ̀, tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Ó fi ìdajì wọn sínú omi tó mọ́ ní yàrá ìdánwò ilé ìwé ní Ọ̀jọ́. Ìdajì yòókù, Dókítà Akínṣọlá, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, gbà á láyè kó gbé wọn sílé nítorí omi kànga. Rodiyat ra dúrọ́ọ̀mù búlúù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn aráalé, ó pọn omi kànga sí i, ó sì to àwọn òpó rẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n á wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì jáde wá yáàrùn ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá Làmídì, tó máa ń pe Rodiyat ní Rodíà, sọ wọ́n ní ọmọ Rodíà.

"Àwọn ọmọ ẹ tún ti jáde lónìí o," á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyá bàbá Rodiyat kú ní Ìṣẹ́yìn, ó sì di dandan kó lọ. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo dúrọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ má jẹ́ kí omi inú ẹ̀ fà."

"Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?"

"Iṣẹ́ ìwé ni, Màmá. Ó gùn."

Kò gùn. Ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn méjì lọ ni, ṣùgbọ́n Rodiyat rò pé àlàyé ẹnjiníà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi yọ àgbàlagbà lẹ́nu. Ó wọkọ̀, ó lọ sin ìyá bàbá rẹ̀, ó padà dé, ó bá dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ní kíkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Láti ìgbà náà lọ, kò wo omi mọ́. Àwọn òpó rẹ̀ nìkan ló ń kó wọlé tó ń kó jáde.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ sí yàrá ìdánwò, wọ́n fi ẹ̀rọ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin inú àwọn tó ti ilé wá ń dán bíi ti àwọn tó wà nínú omi tó mọ́. Dókítà Akínṣọlá mú ọ̀kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tún mú òmíràn.

"Ó yà mí lẹ́nu o," ó wí. "Ohun tí mo retí kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí la rí. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó tún sọ ohun mìíràn, èyí tí Rodiyat kò sùn nítorí rẹ̀. Ẹ̀ka wọn ń wá olùkọ́ kékeré kan, ẹni tó bá ti parí Másítà rẹ̀ kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí ni wọ́n sì máa gbà. "Bó o bá tètè kọ ọ́ tán, orúkọ ẹ ni màá fà kalẹ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, bàbá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká ní Òkòkòmáíkò pé ọmọ òun máa tó di olùkọ́ ní yunifásítì. Ta ló máa bá a wí? Ó ti ta páàtì tó nítorí ọjọ́ yẹn.

Ẹnu ọ̀nà ilé ni Rodiyat ti pàdé Làmídì. Tẹlifíṣọ̀n ni Làmídì ń tà ní Àlàbà, ó fẹ́ gbéyàwó, ó sì fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé orí ilé ìyá rẹ̀. Bíríkìlà kan ti sọ fún un pé kó kọ́kọ́ mọ bí àwọn òpó ilé ṣe rí, torí omi ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, omi kànga yín ò ṣe irin ní nǹkan kan o!" Rodiyat kígbe. "A là wọ́n lónìí. Gbogbo irin ń dán!"

"Ìyẹn ni pé òpó ilé yìí dáa?"

"Ó dáa!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkọ̀ ti da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ilé, débi pé àwọn ayálégbé ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọlé.

Rodiyat ti ara mọ́lé, ó ń kọ ìwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó yẹ kó wà nílé ìwé, iná dé, pọ́ǹpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Ó rí Ìyá Làmídì tó ń fa rọ́bà omi láti orí dúrọ́ọ̀mù kan bọ́ sí èkejì, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó kan dúrọ́ọ̀mù búlúù, èyí tí àwọn òpó tó ṣẹ́ kù ṣì wà nínú rẹ̀, ó ki ẹnu rọ́bà bọ̀ ọ́.

Rodiyat kò mọ ìgbà tó dé ìta.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Omi ni mò ń pọn. Ṣebí ìwọ lo ní kí n má jẹ́ kó fà?"

"Omi bóhòòlù kẹ̀?"

"Omi wo ni kí n pọn sí i? Ti kànga?" Ìyá Làmídì rẹ́rìn-ín. "Omi tí ewúrẹ́ ò mu! Ọjọ́ tó o lọ sí Ìṣẹ́yìn ni mo ti da gbogbo ẹ̀ nù. Mo fọ dúrọ́ọ̀mù ọ̀hún tinú tẹ̀yìn, mo pọn omi dáadáa sí i. Bó bá ti ń fà báyìí ni mo ń fi kún un. Mi ò lè máa fi omi burúkú sínú dúrọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ."

Rodiyat ti ìka bọ omi náà, ó fi kan ahọ́n. Kò sí iyọ̀ kankan. Omi tí òun náà ń wẹ̀ ni.

"Ẹ ṣé, Màmá," ló rí sọ. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di orí mú.

Gbogbo rẹ̀ ti yé e. Omi tó mọ́ kan náà ni gbogbo àwọn òpó náà mu, ìyàtọ̀ wọn kò ju pé àwọn kan wà ní Ọ̀jọ́, àwọn kan wà ní Ìbà. Kò tíì bi ayé ní ìbéèrè rárá, ká má tíì sọ pé ayé dáhùn. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó yẹ kó máa wọn iyọ̀ omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àbá tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo ló wọ̀n ọ́n.

Bó bá tún un ṣe, sáà ẹ̀kọ́ á ti parí, iṣẹ́ olùkọ́ á sì ti bọ́. Bí kò bá tún un ṣe, ta ló máa mọ̀? Àwọn òpó ti fọ́. Màmá ò mọ ohun tó ṣe. Dókítà Akínṣọlá ti ní kó lọ kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Rodiyat kì í ṣe màláíkà. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó to èsì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, orí kẹrin sì dára débi pé ẹni tó bá kà á á rò pé Ọlọ́run ló kọ ọ́.

Ibẹ̀ ló wà tí bíríkìlà fi dé. Rodiyat gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìn fèrèsé. Bíríkìlà tún ń bèèrè ọ̀rọ̀ òpó.

"Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú," Ìyá Làmídì dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ kún fún ìyangàn. "Ẹnjiníà inú ilé wa ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò séwu."

Ẹ̀rù ba Rodiyat. Ó gbójú sókè wo àjà yàrá rẹ̀. Ó ronú kan ìyàwó tuntun tó máa gbé òkè, ó ronú kan Màmá tó ń sùn nísàlẹ̀, ó ronú kan ara rẹ̀ náà. Bóyá òpó ilé náà dáa o, bóyá kò dáa. Kò mọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ, kò mọ̀, ó sì ti sọ pé òun mọ̀.

Ó jáde síta. "Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo sọ fún yín kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Làmídì tẹ́tí títí ó fi parí, ó wá bú sí i.

"Ṣé eré lẹ rò pé à ń ṣe níbí ni? Mo ti kó yanrìn! Mo ti kó òkúta! Ẹ̀yin alákọ̀wé, òní ẹ ní ó dáa, ọ̀la ẹ ní kò dáa!"

"Mi ò ní kò dáa, ẹ̀gbọ́n. Mo ní mi ò mọ̀ ni."

"Ìgbà wo lẹ máa wá mọ̀?"

"Bí mo bá tún un ṣe."

Làmídì pòṣé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Àlàbà. Ṣùgbọ́n ó ní kí bíríkìlà máa lọ ná, ìyẹn sì ni Rodiyat ń fẹ́.

Ti Dókítà Akínṣọlá kò pẹ́. Ó gbọ́ ọ títí dópin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Ìgbà mélòó lo wọn iyọ̀ omi náà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, mà."

"Èmi náà ò sì bèèrè," obìnrin náà wí. "O mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ yẹn máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ó dáa. Lọ po kọnkéré mìíràn."

Ìyá Làmídì lọ̀rọ̀ náà dùn jù. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Rodiyat.

"Rodíà, ṣé èmi ni mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́?"

"Rárá, Màmá. Èmi ni mi ò sọ fún yín. Omi oníyọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ibẹ̀ ń jẹ irin inú kọnkéré."

"Bó ṣe ń jẹ ọ̀bẹ tí mo fi ń la ẹja oníyọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìyẹn náà lo ní ó gùn?"

Ojú ti Rodiyat. Màmá mi orí títí, ó dìde, ó lọ.

Láti ìgbà tí àwọn òpó tuntun ti wọ dúrọ́ọ̀mù, kò sí ọlọ́pàá tó ṣọ́ báńkì bí Ìyá Làmídì ṣe ṣọ́ ọ. Ó fi ìborí pupa kan so ó lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa okùn kànga tó bá di pé omi fà. Ayálégbé kan tó ń jẹ́ Ọlábọ̀dé fa rọ́bà dé ìtòsí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rò pé oore lòun fẹ́ ṣe, Màmá sì fi igbe ta.

"Ọlábọ̀dé, kúrò níbẹ̀! Omi burúkú lọmọ mi ń fẹ́!"

Rodiyat náà ń wọn iyọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sáà ẹ̀kọ́ parí. Wọ́n fi Muheez, ọmọ kíláàsì rẹ̀, sí ipò olùkọ́ náà. Rodiyat kí i kú oríire, ó sì sunkún díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó ń darí sílé. Bàbá rẹ̀ ní Òkòkòmáíkò kò sọ̀rọ̀ olùkọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló ro ó lára.

Nígbà tí ọjọ́ tún pé, Ìyá Làmídì ní òun máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ òun lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ là wọ́n. Làmídì náà ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó bá wọn lọ sí Ọ̀jọ́. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá ìdánwò, Dókítà Akínṣọlá ní kí wọ́n má sún mọ́ ẹ̀rọ.

Òpó àkọ́kọ́ là. Irin inú rẹ̀ ti dípẹtà láti òkè délẹ̀, ìpẹtà náà sì ti wọ inú kọnkéré tó yí i ká, ó pọ́n bí epo. Èkejì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta burú jù wọ́n lọ. Inú Rodiyat dùn, kò lè mú un mọ́ra. Ó ń fò sókè.

"Ó jẹ ẹ́! Màmá, ẹ wá wò ó, ó jẹ ẹ́!"

Dókítà Akínṣọlá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Làmídì sún mọ́ tábìlì. Ó fi ìka kan irin náà, ó wo pípọ́n tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí èékánná. Kò rẹ́rìn-ín.

"Rodíà," ó wí, "omi kànga yẹn la fi po sìmẹ́ńtì ilé wa. Èmi ni mo pọn ọ́n. Oyún Làmídì wà nínú mi, mo ń fa okùn kànga láti òwúrọ̀, torí bàbá ẹ̀ fẹ́ ká tètè kó wọlé. Gbogbo òpó ilé yẹn, èmi ni mo pọn omi wọn."

Ayọ̀ kú mọ́ Rodiyat lẹ́nu. Ojú tì í pé ó fò sókè. Ó wo Làmídì, Làmídì ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ohun tó wà níbí yìí kì í ṣe ilé yín," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ìdí òpó kan wò."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà."

Wọ́n gbẹ́ ìdí èyí tó wà lẹ́yìn, nítòsí yàrá Rodiyat. Dókítà Akínṣọlá wá fúnra rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi igi ti òkè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Làmídì gbá òpó náà ní òòlù lẹ́ẹ̀kan péré, kọnkéré rẹ̀ ṣí kúrò bí èèpo. Irin inú rẹ̀ tó yẹ kó ki tó àtàǹpàkò ti rí tín-ín-rín, ó sì ń rún wálẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Làmídì gbé òòlù sílẹ̀. Ó lọ jókòó sórí yanrìn tó kó wá fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Ká ní mo ti gbé e lé e," ó wí. Kò parí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́ lọ́dún náà. Irin tuntun ni wọ́n fi yí ìdí àwọn òpó náà ká lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì po kọnkéré tuntun lé e. Yanrìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n lò, òkúta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bíríkìlà wo ibi tí omi ti sún mọ́ ọn jù, ó sì ju korobá sínú kànga.

Ìyá Làmídì gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi náà nù. Iná wà, pọ́ǹpù ń kùn. Ó fa rọ́bà omi bóhòòlù wá láti ìdí táǹkì, ó sì ki ẹnu rẹ̀ sí àárín yanrìn àti sìmẹ́ńtì. Omi tó mọ́ náà ń tú jáde. Ó wo Rodiyat bí ẹni tó ń tọrọ àyè.

Rodiyat di rọ́bà náà mú lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ká.

"Ẹ pọn ọ́n, Màmá," ó wí. "Omi dáadáa nìyẹn."